Ẹ Jẹ́ Kí Iná Dán Irin Wò

Àwọn kan gbà pé ohun tí ó bá yege lẹ́ẹ̀kan ti yege títí láé. Inú a máa bí wọn bí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ń ki irin bọ iná, tí wọ́n ń yọ ọ́, tí wọ́n tún ń kì í bọ̀ ọ́, kí wọ́n tó fi kan ara ọkọ̀ tí yóò lọ sí gbalasa òfurufú. Ìnákúnàá ni wọ́n pè é. Èmi kò gbà.

Ọkọ̀ tí a óò lò lẹ́ẹ̀kan péré, iná kan ṣoṣo ni irin rẹ̀ yóò là kọjá. Èyí tí yóò lọ, tí yóò bọ̀, tí yóò tún lọ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Irin gbígbóná tí ẹrù wà lórí rẹ̀ a máa nà díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa jẹ ẹ́ lára. Gbígbóná àti títutù léraléra a sì máa mú un sán, sísán tí ojú lásán kò lè rí. Kí ni yóò sọ iye ìrìn-àjò tí ó kù fún un, bí kò ṣe ìdánwò?

Ẹ wo X-15 ti Amẹ́ríkà. Inconel X, àdàlù irin tí níkẹ́ẹ̀lì pọ̀ jù nínú rẹ̀, ni wọ́n fi ṣe awọ ara rẹ̀, kí ó lè fara da ooru tí ó tó 650 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìgbà 199 ni irú ọkọ̀ yìí fò láàárín 1959 sí 1968. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá 1967, ọ̀kan nínú wọn sáré ju ìlọ́po mẹ́fà iyára ohùn lọ, ẹ̀rọ kan sì wà tí wọ́n so mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ooru kóra jọ sí, ó jó ihò sí lẹ́bẹ́ abẹ́ ìrù rẹ̀. Awakọ̀ náà gúnlẹ̀ láyọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọ̀hún kò fò mọ́.

Columbia kò rí irú oríire bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, kábọ̀n ni etí apá rẹ̀, kì í ṣe irin, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ó ti pẹ́ tí fóòmù ti ń já lu irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì ń bọ̀ láyọ̀. Àwọn aláṣẹ wá sọ àṣà di ẹ̀rí. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2003, gáàsì gbígbóná gba etí apá òsì wọlé, ó yọ́ alumíníọ̀mù inú rẹ̀, ènìyàn méje sì kú. Oṣù Keje ọdún náà ni wọ́n tó fi ìbọn afẹ́fẹ́ yin fóòmù lu irú etí apá bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀. Ihò ńlá ni ó dá sí i. Ìdánwò tí ó yẹ kí ó ṣáájú òkú ni ó tẹ̀lé e.

Bí irin bá kùnà nínú ààrò, owó ni a pàdánù. Kí àwọn tí ń ka owó náà bá wa ka òkú pẹ̀lú.