Ohun tí Ihò Dúdú Ń Tì Jáde Ló Yẹ Kí A Máa Sọ

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì léèrè iṣẹ́ tí ihò dúdú ń ṣe lójú ọ̀run, yóò ní ó ń gbé nǹkan mì. Òótọ́ ni: ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kékeré nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Gáàsì tí ń tú jáde láti àyíká rẹ̀ ló lè pinnu bóyá ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó yí i ká yóò máa bí ìràwọ̀ lọ tàbí yóò yàgàn.

Gáàsì tó bá ń já bọ̀ sínú ihò náà kì í wọlé tààrà. Ó máa ń pòyì yí i ká, á máa gbóná, títí yóò fi lè mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ ìṣùpọ̀ náà lọ. Ìmọ́lẹ̀ yìí a sì máa ti gáàsì tí kò tíì wọlé sẹ́yìn tagbáratagbára, bí ìjì.

Ẹ wo PDS 456, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan tí irú ihò dúdú bẹ́ẹ̀ wà láàárín rẹ̀. Ní 2015, sátẹ́láìtì NuSTAR ti Amẹ́ríkà àti XMM-Newton ti Yúróòpù jọ wò ó, wọ́n sì rí ìjì tí ń fẹ́ jáde sí igun gbogbo, ó ń sá tó nǹkan bí 75,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdámẹ́rin eré ìmọ́lẹ̀ nìyẹn!

Ìjì inú Markarian 231, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mìíràn, kò yára tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ òun ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Gáàsì tútù ni amọ̀ tí ìràwọ̀ fi ń di ìràwọ̀. Bí amọ̀ bá tán, iṣẹ́ ìkòkò parí. Ní 2010, àwọn onímọ̀ rí i pé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ tó wúwo tó nǹkan bí 700 oòrùn ń sá kúrò láàárín ìṣùpọ̀ yìí lọ́dọọdún. Bí kò bá dáwọ́ dúró, mílíọ̀nù 10 ọdún péré ló máa gbà kí ó gbẹ, àkókò tí kò tó nǹkan nínú ọjọ́ orí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀.

Àwọn kan lè ní ìjì náà kì í pa ìràwọ̀ nìkan. Wọn kò jayò pa. Ní 2017, onímọ̀ ìràwọ̀ Roberto Maiolino àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lo awò awọ̀nàjíjìn ńlá tó wà ní Chile, wọ́n sì rí ìràwọ̀ tuntun tí a ń bí sínú irú ìjì bẹ́ẹ̀ gan-an. Èyí tún gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ ni: ìbáà pa, ìbáà bí, ìjì ló ń ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, kí àwọn tí ń kọ ìwé sáyẹ́ǹsì fún ọmọdé má fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí gbígbémì mọ́. Kí wọ́n ya ìjì náà mọ́ àwòrán ihò dúdú.