Odò Ògùn Tọ́ sí Odindi Ọjọ́ Kan

Àlejò tó bá dé Abẹ́òkúta lónìí, ì báà jẹ́ ọkọ̀ ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2021 ló gbé e láti Èkó wá sí Láderin, ì báà sì jẹ́ mọ́tò ló wọ̀, àpáta Olúmọ ni wọn yóò kọ́kọ́ mú un lọ; bó bá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, wọn a mú un dé Ìtòkú láti ra àdìrẹ, lẹ́yìn náà ó di ilé. Kò sí ẹni tí yóò bu ẹnu àtẹ́ lu èyí, nítorí abẹ́ àpáta náà ni àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí sá sí ní nǹkan bí ọdún 1830, nígbà tí Ṣódẹkẹ́ olórí wọn kó wọn dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n odò tó la ìlú náà já, èyí tí ìjọba fi orúkọ rẹ̀ sọ gbogbo ìpínlẹ̀ lọ́dún 1976, orí afárá Láfẹ́ńwá ni àlejò àti onílé ti ń wò ó fìrí bí mọ́tò ti ń sáré kọjá. Èyí kò bójú mu rárá. Odò Ògùn tọ́ sí odindi ọjọ́ kan, nínú ọkọ̀ kékeré tí ènìyàn háyà lọ́wọ́ ẹni tó mọ ojú omi.

Àwọn baba ńlá Ẹ̀gbá kò fojú kékeré wo odò yìí. Kí ojú irin Èkó tó gba Abẹ́òkúta kọjá dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, orí omi ni òwò ń gbà: ọkọ̀ igi a kó epo pupa àti òwú láti Arò, a gba Ìṣẹ́rì sọ̀kalẹ̀ bọ́ sínú ọ̀sà Èkó, a sì kó aṣọ àti iyọ̀ òyìnbó gòkè bọ̀, àwọn oníbodè a sì gba tiwọn lọ́wọ́ olówò. Ọ̀nà yìí náà ni Richard Burton, òyìnbó arìnrìn-àjò nì, bá dé Abẹ́òkúta ní ìparí ọdún 1861, kó tó kọ ohun tó rí sínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1863. Nígbà tí ojú irin gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ̀, ìlú kọ ẹ̀yìn sódò. Ohun tí ìlú bá sì kọ ẹ̀yìn sí, ààtàn ni í dà.

Ìgbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ló dára jù láti wọ odò náà, ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, tí omi ti fà díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tí ì gbẹ débi tí ìdí ọkọ̀ yóò fi máa ha àpáta. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kò yẹ ibẹ̀, nítorí òkúta tó fara pamọ́ sábẹ́ omi kò níye, ọ̀pá atukọ̀ nìkan ló sì mọ ibi tí wọ́n wà. Atukọ̀ a dúró ní ìdí ọkọ̀, a ti ọ̀pá bọ omi. Bó bá kan òkúta, kì í jọ bí ìgbà tó bá kan iyanrìn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ sọ fún un kí ojú tó rí i. Odò kì í kún bo ẹja lójú. Ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ kò ní iṣẹ́ ju kó máa fi igbá gbọ́n omi tó bá ro sínú ọkọ̀, kó máa wo lékelèke tó tò sórí àpáta, kó sì máa wo apẹja tó ń fa ìgèrè sókè, tó ń gbọn ewé àti ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀ kó tó tú ẹja inú rẹ̀ sí agbọ̀n. Bí oòrùn bá mú, wọn a so ọkọ̀ mọ́ gbòǹgbò igi, wọn a jẹun, wọn a sì sùn bó bá wù wọ́n.

Inú ọkọ̀ yìí kan náà ni ènìyàn yóò ti rí ohun tí ẹni orí afárá kò rí: ọ̀rá omi àti ìgò oníke tó há sáàárín òkúta, àti pàǹtírí tí àwọn odò kéékèèké àárín ìlú ń gbé wá bí òjò bá ti rọ̀. Yemọja ló ni odò yìí. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé orúkọ rẹ̀ sọdá òkun dé Kúbà àti Bàhíà ní Brasil, débi pé ní Salvador, ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdọọdún, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń fi ọkọ̀ gbé òdòdó lọ fún un lójú agbami. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí kò ní láti bọ ọ́ kó tó dùn wọ́n pé òdòdó ni ará òkèèrè ń gbé fún un, tó sì jẹ́ pé pàǹtírí ni ará ilé ń dà sí i lójú. Ìwé òfin tí wọ́n kàn mọ́ ògiri kò lè tún odò ṣe tó ojú àwọn tó ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, tí oúnjẹ wọn sì ti inú rẹ̀ wá.

Àwọn kan yóò ní ewu wà níbẹ̀. Òótọ́ ni, òmùwẹ̀ gan-an ni í bómi lọ. Ìsédò Ọ̀yán, tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ odò Ògùn, tí wọ́n sì ṣí lọ́dún 1983, lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 270 mítà oníkúbíìkì, bí wọ́n bá sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà òjò, odò Ògùn a kún ní ìsàlẹ̀. Nítorí náà, kí àwọn tó ń ṣọ́ ìsédò náà máa kéde fún àwọn ará etí odò, lédè Yorùbá àti lórí rédíò, kí wọ́n tó ṣí i. Ewu tó ní ìkìlọ̀ kò tó ìdí láti ti odò pa. Ní Ganvié, lórí ọ̀sà Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin, ọkọ̀ kékeré ni àlejò ń wọ̀ láti Abomey-Calavi lọ wo ìlú tó wà lórí omi, àwọn ọmọ agbègbè náà ló sì ń tukọ̀.

Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe àtẹ̀gùn sí èbúté kan ní Láfẹ́ńwá àti òmíràn ní Arò, kí ó kọ iye owó ọkọ̀ sára pátákó kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ àlejò jẹ, kí ó sì fún atukọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ìyókù, àwọn apẹja mọ̀ ọ́n ṣe.