Olórin, Ológun àti Ère Tí Kò Lórí

Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Mazamaza, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Àgbádárìgì, tí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn wọ Festac, yóò ṣàkíyèsí pé nọ́ńbà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ òpópónà ibẹ̀ ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀, àwọn òṣèré àti olórin ni a torí wọn kọ́ ilé wọ̀nyí. Ìjọba ológun ni ó kọ́ wọn, kí àwọn àlejò láti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 50 lè rí ibi wọ̀ sí nígbà Àjọ̀dún Àṣà àti Iṣẹ́ Ọnà Àwọn Ènìyàn Dúdú, tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Miriam Makeba wá síbi àjọ̀dún náà, Stevie Wonder wá, Gilberto Gil wá láti ilẹ̀ Brazil. Àjọ̀dún náà fún àdúgbò lórúkọ, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni a fún àwọn òpópónà.

Olórin kan wà tí kò bá wọn jó. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ti wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń palẹ̀ àjọ̀dún náà mọ́ kí ó tó yọwọ́ ńbẹ̀. Bí ijó ti ń lọ lọ́hùn-ún, ojúbọ orin tirẹ̀ ni ó jókòó sí, ó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba, àwọn àlejò sì ń wọ́ tọ̀ ọ́ lọ. Ní ọdún 1976 ni ó ti gbé orin ‘Zombie’ jáde, nínú èyí tí ó fi ṣọ́jà wé òkú tí ń rìn, tí kì í ronú àfi bí a bá pàṣẹ fún un. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí àjọ̀dún parí, ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, àwọn ológun ya wọ ilé rẹ̀ tí ó ń pè ní Kalakuta, nítòsí bárékè Abalti. Wọ́n lu àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n sì dáná sun ilé. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé. Ó di olóògbé ní ọdún 1978. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba ní ṣọ́jà tí a kò mọ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ olórin àti jagunjagun ṣeré. Onílù a máa bá Balógun lọ sí ojú ogun; ìlù ni ó ń ki àwọn ọmọ ogun láyà, òun náà ni ó sì ń ta wọ́n lólobó bí ewu bá ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu onílù kì í ṣe ẹnu ẹrú. Ẹni tí ó ki jagunjagun lówùúrọ̀ lè fi ìlù bá a wí lálẹ́, kò sì sí ohun tí yóò ṣe é, nítorí ọba kì í mú ọ̀kọrin. Kì í ṣe ilé nìkan ni iná ọdún 1977 jó. Ó jó àdéhùn yìí mọ́ ọn.

A kò sì gbọdọ̀ rò pé ọ̀tá ni olórin àti ológun láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí Hubert Ògúńdé ṣe eré ‘Yorùbá Ronú’ ní ọdún 1964, ìjọba alágbádá Ìwọ̀-Oòrùn ni ó fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀. Ìjọba ológun Adékúnlé Fájuyì ni ó tú u sílẹ̀ ní ọdún 1966.

Àwọn ará Amẹ́ríkà mọ bí a ti ń fi ère sọ irú ìtàn báyìí. Apanilẹ́rìn-ín ni Bob Hope. Láti ọdún 1941 títí di ọdún 1991 ni ó fi ń lọ dá àwọn ṣọ́jà wọn lára yá káàkiri ayé, tí ilé aṣòfin wọn fi sọ ọ́ di ajagun-fẹ̀yìntì ọlọ́lá ní ọdún 1997. Ní San Diego, ní ọdún 2009, wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n sì fi ère àwọn ṣọ́jà yí i ká, wọ́n ń gbọ́ ọ. Lóòótọ́, ẹni tí ó bá rántí ogun Vietnam mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó bá a rẹ́rìn-ín nígbà náà. Síbẹ̀ àlejò tí kò mọ nǹkan kan yóò lóye pé nítorí àwọn wọ̀nyí ni a ṣe ń yẹ́ ọkùnrin yìí sí.

Ère Fẹlá ńkọ́? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, tí ó pé 20 ọdún tí ó ti kú, Gómìnà Akínwùnmí Àḿbọ̀dé ṣí aṣọ lójú ère kan ní Allen, ní Ìkẹjà, iṣẹ́ ọwọ́ Abọ́lọ́rẹ́ Ṣóbáyọ̀. Ère Òmìnira ni wọ́n pè é. Aṣọ Fẹlá ni ó wọ̀, ṣùgbọ́n kò lórí. Ariwo ta. Ẹnu kò sì yẹ kí ó yani, nítorí lọ́dọ̀ Yorùbá orí ni ènìyàn. Ní Ọ̀wọ̀, bí wọ́n bá fẹ́ ṣe àkó fún olóògbé ńlá, wọ́n a gbẹ́ ère tí ó jọ ọ́, wọ́n a wọ̀ ọ́ láṣọ rẹ̀, wọ́n a sì gbé e yí ìlú ká; bí ojú kò bá jọra, iṣẹ́ náà kò pé. Ẹlòmíràn lè dáhùn pé egúngún náà kì í fi ojú hàn, aṣọ ni a ń rí, síbẹ̀ a mọ̀ pé ará ọ̀run dé. Ìdáhùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àìsí orí kọ́ ni àléébù ère yìí. Àìsí ṣọ́jà ni. Bí a bá ń ki jagunjagun bí Ìbíkúnlé, Balógun Ìbàdàn, a kì í dárúkọ rẹ̀ nìkan. Àwọn tí ó bá jà a máa bá a wọ inú oríkì, kí ọmọ tí a kò tíì bí lè mọ ohun tí ó sọ ọ́ di akọni. Ní Allen, a yẹ́ ẹni tí àwọn ológun lù sí, a kò sì fi ẹni tí ó lù ú hàn.

Fẹlá alára kò ṣe irú rẹ̀. Ní ọdún 1979, bí ìjọba ológun ti ń kógbá sílé, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé pósí lọ sí bárékè Dòdán, ibùjókòó olórí ìjọba, wọ́n sì gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní orúkọ ìyá rẹ̀. Pósí náà kò lójú, kò lórí, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí a gbé e sí ti sọ ẹni tí à ń bá wí.

Bí ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin bá wá fẹ́ fi orúkọ rọ́pò nọ́ńbà lọ́jọ́ kan, Makeba kò ní ṣòro, Gil kò ní ṣòro. Orúkọ olórin tí ó kọ̀ láti wá ni yóò dá àríyànjiyàn sílẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá kọ ọ́ sára pátákó yóò ní láti kọ ìdí tí kò fi wá, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ọjọ́ kẹfà.