Oògùn kọ́ ló fi Anini pamọ́

Bí ọ̀daràn kan bá ti sá lọ, tí ọlọ́pàá ń wá a kiri, kíá ni gbogbo èèyàn máa ń di babaláwo àti oníṣègùn wèrè. Nídìí ẹmu n'Ílà Ọ̀ràngún ni o, nínú mọ́tò tó ń lọ sí Òkè-Ìlà tàbí Ọ̀rà ni o, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹnì kan á ní orí onítọ̀hún ti dàrú, òmíràn á ní wọ́n fi ṣe é ni, ẹ̀kẹta á sì búra pé ó ní àféèrí.

Àwọn àgbà tí ọdún 1986 ṣojú wọn kò lè gbàgbé Lawrence Anini. Ìlú Benin, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, ló ti ń ṣọṣẹ́, àmọ́ òkìkí rẹ̀ kàn dé gbogbo Nàìjíríà. Ó ń ja báńkì lólè, ó ń gba mọ́tò onímọ́tò, ó sì ń pa ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Ọ̀gágun Ibrahim Babangida bi ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, Etim Inyang, léèrè pé níbo ni Anini wà.

Kí ọlọ́pàá tó dáhùn, aráàlú ti dáhùn. Wọ́n ní ńṣe ló ń pòórá. Wọ́n ní ìbọn kì í ràn án. Àwọn kan tilẹ̀ ń yìn ín pé tálákà ló ń jà fún, torí wọ́n ní ó máa ń fọ́n owó sílẹ̀ lọ́jà bó bá ń sá lọ. Ẹni tó ń pa ọmọ ọlọ́mọ wá di olùgbèjà mẹ̀kúnnù!

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún náà, inú ilé kan ní Benin ni wọ́n ti mú un, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Ìbọn ràn án lẹ́sẹ̀ débi pé wọ́n gé e, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló sì ti jẹ́jọ́. Ìgbà yẹn ni àṣírí tú. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan, George Iyamu, wà lára àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ sì gbà pé ó mú Anini máa pa ọlọ́pàá kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ẹ̀mí àìrí: àdéhùn ló wà láàárín òun àti àwọn kan nínú wọn, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé méjì nínú àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 1987, wọ́n yìnbọn pa Anini àti Iyamu.

Ó tún ṣẹlẹ̀ nítòsí. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2020, Sunday Shodipe, tí ọlọ́pàá fẹ̀sùn ìpànìyàn Akínyẹlé kàn n'Ìbàdàn, sá kúrò ní àtìmọ́lé ní Mọ́kọ́lá. Kíá ni wọ́n ní oògùn ló lò. Lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá tí wọ́n tún mú un, ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ ni pé ọlọ́pàá ló mú òun jáde kí òun lọ wẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ oògùn àti wèrè tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe àìmọ̀kan nìkan. Ẹni tó bá ní ọ̀daràn ń pòórá lè sùn nílé rẹ̀ ní àsùnjí. Ẹni tó bá dárúkọ ilé tó ti ń jẹun alẹ́, tàbí ẹni tó ń ta epo fún ọ̀kadà rẹ̀, ẹ̀rù á máa bà á, torí ó lè jẹ́ pé kí ó tó délé láti àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ti sọ orúkọ òun náà fún ọ̀daràn. Àwọn àgbẹ̀ Ìgbómìnà tó ń sùn sóko mọ èyí dáadáa. Wọ́n ń rí ojú àjèjì nínú igbó, wọ́n sì ń dákẹ́.

Kí ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kọ́kọ́ fi hàn pé àwọn lè bo orúkọ ẹni tó wá tú àṣírí. Kí wọ́n sì fi ìyà jẹ èyíkéyìí nínú wọn tó bá ta aláròyé, ní gbangba, kí àwọn tó wà lóko gbọ́.