Bí Ó Bá Ṣubú, Ẹ Fà Á Dìde

Ọ̀rọ̀ sìgá ni a fẹ́ sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti bú ẹni tí ń mu ún. Ẹni tí ń mu sìgá ti gbọ́ èébú tó. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fẹ́ fi í sílẹ̀ ni ó jẹ wá lógún, àti ọ̀rọ̀ àwọn tí ó yí i ká nínú ilé. Nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ni ó ti gbìyànjú, tí wọ́n ṣubú lẹ́ẹ̀kan, tí a sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi padà sí ìdí rẹ̀ pátápátá.

Ẹni tí ó bá mọ Jíbówú mọ̀ pé àdúgbò ọkọ̀ ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọkọ̀ tí ń lọ sí ọ̀nà jíjìn ti ń gbéra ní etí ọ̀nà Ìkòròdú níhìn-ín. Awakọ̀ tí kò sùn tó, agbèrò tí ń dúró de èrò, aláàárù tí ó ti rẹ̀, sìgá ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń lé oorun. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 sọ pé a kò gbọdọ̀ ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a kò sì gbọdọ̀ tà á fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ń fi ojú yín rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ jáwọ́ ní àdúgbò bí èyí, àárín iná ni ó wà tí ó ní òun kò fẹ́ yá iná.

Àwọn bàbá wa tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mu sìgá nígbà tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1937 kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọdún 1950 ni àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Doll àti Austin Bradford Hill, tẹ ìwádìí wọn jáde pé sìgá so mọ́ àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Àwa ti òní kò lè sọ pé a kò mọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ju mílíọ̀nù 7 ènìyàn lọ tí tábà ń pa ní ọdọọdún. Ẹ wá gbọ́ èyí tí ó kan ẹ̀yin ìyá: ó ju mílíọ̀nù 1 lọ nínú wọn tí kì í mu ún rárá, èéfín ẹlòmíràn ni wọ́n ń fà símú. Nínú yàrá kan tí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin jọ ń sùn, ọmọ ọwọ́ a máa bá bàbá rẹ̀ mu nínú sìgá náà. Ibẹ̀ ni ikọ́ tí kò lọ, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró àti etí dídùn ọmọ ti máa ń wá.

Ọlọ́run Ọba kìlọ̀ fún wa nínú Súrátù Bákárà pé kí a má fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. Ànábì Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, sì ní kí ẹni tí ó jẹ áyù tàbí àlùbọ́sà tútù jìnnà sí mọ́sáláṣí. Bí òórùn oúnjẹ tí ó jẹ́ halálì bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ó sọ nípa ti sìgá?

Ṣùgbọ́n mímọ̀ yàtọ̀ sí ṣíṣe. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2012 fi hàn pé ó ju ìdajì àwọn tí ń mu sìgá lọ tí ó ní i lọ́kàn láti fi í sílẹ̀. Kí ni kò jẹ́ kí wọ́n lè fi í sílẹ̀? Oògùn kan tí à ń pè ní níkótínì ni ó wà nínú tábà tí ó máa ń de ọpọlọ bí okùn. Bí kò bá sí i mọ́, ara ẹni náà kò ní balẹ̀, orí rẹ̀ yóò máa fọ́ ọ, inú yóò máa bí i, oorun kò sì ní kùn ún. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ni ó le jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò ti lọ sílẹ̀. Ẹ̀yin aya, bí ọkọ yín bá ń jágbe ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyí, ẹ mọ̀ pé okùn náà ni ó ń já.

Ẹ wo oṣù Ràmàdánì. Láti Àsùbá títí di Mágàríbì ju wákàtí 12 lọ, awakọ̀ kan náà tí ó ní òun kò lè ṣe é yóò sì wà láìfi ọwọ́ kan sìgá. Àwọn dókítà sọ pé ní ìwọ̀n wákàtí 12, májèlé èéfín tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yóò ti lọ sílẹ̀ dé ibi tí ó yẹ. Ìyẹn ni pé bí bàbá bá ti ń na ọwọ́ sí dàbínù ìṣínu, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti mọ́. Ẹ̀dùn ọkàn ni pé àwọn mìíràn a fi sìgá ṣínu! Bí ó bá ṣe é fún odindi ọdún kan, ewu àrùn ọkàn tí sìgá mú bá a yóò ti dín sí ìdajì.

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n fi ọwọ́ sọ̀yà pé àwọn yóò jọ jáwọ́. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, wọn a jókòó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, oníkálùkù a sọ bí ọjọ́ òun ti rí. Owó tí wọn ìbá fi ra sìgá, inú kóló ni wọ́n ń jù ú sí, ìyàwó ọ̀kan nínú wọn ni ó sì ń tọ́jú kóló náà. Wọ́n fi orín rọ́pò sìgá ní ẹnu. Sunnà sì ni orín rírìn. Bí ìfẹ́ rẹ̀ bá dé, wọ́n a mu omi, wọ́n a ṣe àlùwàlá, nítorí pé ìfẹ́ náà kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí ó tó kọjá.

Ní ọjọ́ kọkànlá, ọ̀kan ṣubú. Ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, inú bí i, ó fa sìgá méjì. Ojú tì í, kò sì wá sí ìjókòó lálẹ́. Àwọn méjì tí ó kù ni ó lọ bá a nílé. Wọn kò bú u. Wọ́n bi í léèrè pé: níbo ni, ta ni ó wà níbẹ̀, kí ni ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú? Àgbà tí ó bá ṣubú, ẹ̀yìn ni í wò. Wọ́n rí i pé ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ń ta sìgá ni ó máa ń dúró sí bí inú bá ń bí i. Láti ọjọ́ kejì, ó kó ibùdúró rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá alákàrà. Ó bẹ̀rẹ̀ ìkà rẹ̀ láti oókan, ó sì ti kọjá oṣù mẹ́ta báyìí.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni. Ẹni tí oorun gbé lọ títí Àsùbá fi kọjá kì í torí rẹ̀ kọ Àìlà sílẹ̀. Sìgá kan kò sọ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá di asán. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó jáwọ́ pátápátá ni ó gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣèbí èyí ni ìtúmọ̀ túúbá? Ọlọ́run kò sú láti gbà á, kí ló dé tí àwa yóò fi sú?

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe tú àpò ọkọ yín bí ọlọ́pàá. Ẹ má ṣe fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ará ilé ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bí i “Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé o kò lè ṣe é” ti dá púpọ̀ padà ju sìgá fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ kó àwo eérú kúrò nínú ilé, ẹ fọ aṣọ fèrèsé, ẹ má sì rán ọmọ lọ ra sìgá láé. Bí ó bá pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹ se ọbẹ̀ tí ó fẹ́ràn. Àwa ọkùnrin kì í sọ ọ́, ṣùgbọ́n a máa ń mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀yin tí ń fi aṣáà sí imú tàbí tábà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Níkótínì kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣíṣà tí àwọn ọmọ wa ń fà níbi ìnáwó.

Ẹni tí ó bá le fún jù, kí ó lọ rí dókítà. Àlẹ̀mọ́ ara àti ṣingọ́ọ̀mù kan wà tí ń dín ìfẹ́ náà kù díẹ̀díẹ̀. Gbígba ìtọ́jú kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ọlọ́run pàṣẹ nínú Súrátù Máídà pé kí a máa ran ara wa lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ rere. A ní ẹgbẹ́ Àsàlátù ní ọjọ́ Sunday káàkiri Èkó, níbi tí a ti ń dá owó ìsìnkú àti owó ìkómọ. Kí ló dé tí a kò lè jọ mú ẹni méjì tàbí mẹ́ta ní ọwọ́ níbẹ̀ kí wọ́n lè fi sìgá sílẹ̀? Owó ìkómọ ni yóò pọ̀ sí i, ti ìsìnkú yóò sì dín kù.

Kí Ọlọ́run Ọba fún àwọn tí ó wà lójú ogun yìí ní okun, kí Ó sì fún àwa tí a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní sùúrù. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.