Káàdì Géèmù Àbúrò Mi àti Owó Àjọ Màmá

Inú pálọ̀ wa ní Agége ni ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan tí iná wà tí gbogbo ilé sì péjọ. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún màmá wa, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ yá òun ní owó àjọ tí wọn yóò kó ní ìparí oṣù. Màmá bi í pé kí ni ó fẹ́ fi ṣe. Ó ní káàdì kan ni òun fẹ́ rà sínú kọ̀ǹpútà òun.

Màmá ní, “Káàdì? Ṣé irú èyí tí a fi ń gbowó ní báńkì ni?”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Owó àjọ yẹn ni màmá ti fi sọ́kàn láti fi ra fírísà mìíràn. Omi tútù àti sóbò tí wọ́n ń tà ní ẹnu ọ̀nà wa, inú fírísà ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde, èyí tó sì wà nílẹ̀ ti kú láti oṣù tó kọjá. Bàbá wa, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní òpópónà Ọba Akran kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára ìròyìn. Wọ́n kàn ní, “Géèmù!” Ó sì parí.

Èmi ni wọ́n yàn ní onílàjà. Èdè Yorùbá ni mo kọ́ ní yunifásítì. Mo mọ oríkì ju bí mo ṣe mọ kọ̀ǹpútà lọ. Ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ka ohun tí mo lè kà, mo bi àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe léèrè, mo sì rìn ní Computer Village, ní Ìkẹjà, títí ẹsẹ̀ fi wú mi. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí irú ẹ̀bẹ̀ yìí ń bọ̀ wá bá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo bá bọ̀.

Kí tilẹ̀ ni káàdì gíráfíìsì ń ṣe? Ojú mọ́nítọ̀ tó wọ́pọ̀ nílé wa ní àmì kéékèèké 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 2,073,600. Bí bọ́ọ̀lù inú géèmù bá ń yí, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tún gbogbo àmì wọ̀nyẹn kùn ní nǹkan bí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, kí ìran náà má baà máa já lójú ẹni tó ń wò ó. Processor, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, dà bí àgbà oníṣẹ́ mẹ́rin tàbí mẹ́jọ. Wọ́n lè yanjú ọ̀rọ̀ tó díjú, ṣùgbọ́n ẹ má ní kí wọ́n dá oko tó lọ salalu ro. Káàdì gíráfíìsì ni ọ̀wẹ̀: ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí ọkọ́ wà lọ́wọ́ wọn, tí olúkúlùkù ń kọ ebè tirẹ̀ ní àsìkò kan náà. Nínú GTX 1650 tí ilé-iṣẹ́ NVIDIA gbé jáde ní ọdún 2019, irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ 896. Nínú RTX 3060 ti ọdún 2021, wọ́n jẹ́ 3,584. Ìdí nìyẹn tí àbúrò mi fi ń lá àlá 3060 tọ̀sán-tòru.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ni yóò bọ́ ọlọ́wẹ̀. Iná ni oúnjẹ àwọn wọ̀nyí. GTX 1650 ń jẹ wáàtì 75. RTX 3060 ń jẹ 170. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa gan-an, n ó sì dúró lé e lórí díẹ̀.

Kọ̀ǹpútà àbúrò mi kì í ṣe ti géèmù láti ilé bàbá rẹ̀. Tòkúnbọ̀ ni, HP tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì ní òkè òkun kí ó tó bá ọkọ̀ ojú omi dé Èkó. Irú rẹ̀ ló kún Ìkẹjà, HP àti Dell, nítorí pé wọ́n lágbára, owó wọn sì mọ níwọ̀n. Ohun tí ẹni tó ń tà á kì í sọ ni pé àpótí rẹ̀ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí káàdì gíga kò lè wọ inú rẹ̀. Àfi èyí tí wọ́n ṣe ní kúkúrú, tí wọ́n ń pè ní low profile. Èkejì, páwà páàkì inú rẹ̀, èyí tó ń pín iná fún gbogbo ara kọ̀ǹpútà, sábà máa ń wà láàárín wáàtì 180 sí 260. Ihò tí a ń ki káàdì bọ̀ kò sì lè fún un ní ju wáàtì 75 lọ; káàdì tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ láti ara páwà páàkì, irú wáyà bẹ́ẹ̀ kò sì sí nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ẹni tó bá ra 3060 fún irú àpótí yìí ti ra àpótí mìíràn, páwà páàkì mìíràn, àti nígbà mìíràn motherboard mìíràn, láìmọ̀. Iye tí àbúrò mi dá fún màmá kò tíì tó ìdajì ohun tí ọ̀rọ̀ náà máa gbà.

Owó iná ńkọ́? Mo rò pé òun ni yóò bẹ́ wa lórí, ṣùgbọ́n mo ṣírò rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ wáàtì 95 ló wà láàárín káàdì méjèèjì. Bí ó bá ń gbá géèmù fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, yúníìtì 11.4 ni lóṣù. Ní Band A, tí owó yúníìtì kan fò láti náírà 68 sí náírà 225 ní oṣù kẹrin ọdún 2024 kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀, náírà 2,565 ni. Kì í ṣe owó kékeré, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ jà. Ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni wàhálà dé. Bátìrì inverter wa kan ṣoṣo, 12V tí ó jẹ́ 200Ah, kò ṣe é lò kọjá ìdajì agbára rẹ̀ bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́, ìyẹn nǹkan bí 1,200 wáàtì-wákàtí. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ 300 yóò gbẹ́ ẹ láàárín wákàtí mẹ́rin. Èyí tó ń jẹ 150 yóò lo mẹ́jọ, kí a tó yọ ohun tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ. Fáànù bàbá àti iná yàrá màmá sì wà lórí bátìrì kan náà.

Àbúrò mi mú ẹ̀rí mìíràn wá. Ó ní iṣẹ́ ni géèmù jẹ́ báyìí, pé Maliyo Games, tí Hugo Obi àti ẹnìkejì rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012, ni wọ́n ṣe géèmù Iwájú: Rising Chef fún Disney ní ọdún 2024. Òótọ́ ni. Bàbá wa gan-an gbójú sókè nígbà tí wọ́n gbọ́ Disney. Ṣùgbọ́n mo rán an létí pé orí fóònù ni wọ́n ti ń gbá géèmù yẹn. Blender tí ó fẹ́ fi kọ́ bí a ti ń ṣe àwòrán tó ń rìn, ọ̀fẹ́ ni, GTX 1650 sì lè gbé e fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. FC 24 tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbá, GTX 1050 Ti ti ọdún 2016 ni àwọn tó ṣe é pè ní èyí tó kéré jù tó lè gbé e.

Nítorí náà, a wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line láti Agége lọ sí Ìkẹjà ní ọjọ́ Sátidé. (Láti ọdún gbọọrọ ni ìjọba ti ń sọ pé Computer Village yóò kó lọ sí Katangowa, tí ì bá sún mọ́ wa díẹ̀ sí i. A ṣì ń retí.) A kò tíì dé Otigba tán tí àwọn ọmọkùnrin fi yí wa ká, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ rà? Ẹ wá wò ó!” Ọ̀kan mú wa lọ sí ìdí tábìlì kan, ó fa káàdì kan yọ tí wọ́n kọ GTX 1050 Ti sí lára, owó rẹ̀ sì dínkù débi tí ojú àbúrò mi fi tàn. Ó ní ihò VGA lẹ́yìn, ó bá mọ́nítọ̀ àtijọ́ tó wà nílé mu rẹ́gí. Ohun tó mú mi fà sẹ́yìn gan-an nìyẹn, nítorí NVIDIA ti yọ VGA kúrò lára ìran káàdì 10 yẹn. Ọ̀pọ̀ irú èyí jẹ́ káàdì ogbó, bí GTS 450, tí wọ́n ti yí ohun tó ń jẹ́wọ́ padà nínú. Mo ní kí ó fi sínú kọ̀ǹpútà kí a fi GPU-Z wò ó, nítorí láti ọdún 2018 ni ètò ọ̀fẹ́ yẹn ti ń tú irú wọn fó. Ó ní iná kò sí. Fáànù sì ń yí lórí wa.

Ẹ ṣọ́ra fún RX 580 náà tí ẹ bá rí i ní owó pọ́ọ́kú. Èyí tí wọ́n kọ 2048SP sí lára kì í ṣe 580 gidi. Ẹgbẹ́ RX 570 ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkúnbọ̀ náà sì ti wa owó Ethereum tọ̀sán-tòru kí wíwà náà tó dópin ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Èmi kò ní kí ẹ má rà á o. Ẹ kàn wo bóyá fáànù rẹ̀ ń mì, bóyá ó ń rùn bí ohun tó jó, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ líle fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú yín kí ẹ tó sanwó.

Tuntun ńkọ́? Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tí dọ́là fi kọjá 1,500 ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tuntun ti di ohun tí a ń wò láti òkèèrè. RTX 3050 oní-6GB wà ní kúkúrú, wáàtì 70 péré ló ń jẹ, ó sì yára ju 1650 lọ. Òun ni èmi ì bá mú. Owó ọwọ́ àbúrò mi kò gbé e, mo sì ti búra pé a kò ní fọwọ́ kan àjọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ní òrùlé àti ìwé owó, a rí GTX 1650 kúkúrú, tòkúnbọ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ kò bínú sí ìbéèrè wa; òun fúnra rẹ̀ ló ṣí GPU-Z. A dán an wò, ooru rẹ̀ kò ju bó ti yẹ lọ. Ó kọ iye ọjọ́ tí a lè dá a padà sínú ìwé owó. Èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àbúrò mi, ó fi ra RAM 8GB kan kún èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, àti adàpọ̀ tí yóò so HDMI mọ́ VGA. Ó bá mi kùn díẹ̀ nínú ọkọ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, 3060 kọ́ lèyí.” Mi ò dá a lóhùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, màmá gbé káàdì náà wò lọ́wọ́, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Wọ́n ní, “Ó ní fáànù tirẹ̀? Ṣé kò ní bá fírísà mi du iná?” Àbúrò mi ṣèlérí pé òun yóò máa pa á nígbàkígbà tó bá jẹ́ inverter ni a ń lò. Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni fírísà dé, òun ló sì bá wọn gbé e wọlé.