OWÓ ILÉ ÌBÀDÀN Ń JẸ IṢU ÒFÌKÌ



Bí wọ́n bá tún dé pẹ̀lú mọ́tò gàgàrà àti ìlù, tí wọ́n ń pín ìrẹsì kóńgò kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sọ̀rọ̀ ọ̀nà, wọn yóò sọ̀rọ̀ omi, wọn yóò sọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kì í mẹ́nu bà ní Òkè-Ògùn, nítorí wọ́n rò pé kò kàn yín. Ọ̀rọ̀ náà ni ilé tí àwọn ọmọ yín ń háyà ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Wọ́n ní ará oko kì í san owó ilé. Ẹ gbọ́ ná, ta ló ń san án?

Ìyá tó kó iṣu lọ sí Bódìjà, tó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ kí lanlọ́ọ̀dù má baà ju ẹrù ọmọ náà síta, òun ló ń san án. Bàbá tó ta kajú kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ lè rí yàrá kan wọ̀, òun ló ń san án. Màmá àgbà tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́ta nílé, nítorí pé bàbá wọn ń sùn sínú ṣọ́ọ̀bù ní Òjòó, tí ìyá wọn ń sùn lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Agége, òun náà ń san án. Kò kàn fi náírà san án ni. Ẹ ka ilé mẹ́wàá ní àdúgbò yín. Ẹ wo iye ibi tí ọkọ àti aya ti pínyà láìjà láìta, nítorí pé ibi tí agbára wọn ká kò gba ìdílé.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò. Ní oṣù keje ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà. Ká ní ọmọ yín ń gbà á pé, wọn kò yọ kọ́bọ̀. Ká ní ó rí yàrá méjì lẹ́yìn Mòníyà, lanlọ́ọ̀dù sì pè é ní 300,000 náírà lọ́dún. Lanlọ́ọ̀dù ní ọdún méjì lòun máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan: 600,000 nìyẹn. Ajẹ́ǹtì ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tòun dà: 60,000. Lọ́yà ní owó àgíríìmẹ́ǹtì ń kọ́: 60,000 mìíràn. Gbogbo rẹ̀ di 720,000. Ọmọ yín yóò ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́wàá gbáko, kò ní jẹun, kò ní wọkọ̀, kò ní ra ọṣẹ, yóò sì ṣì jẹ lanlọ́ọ̀dù ní 20,000 náírà. Èyí kì í ṣe ilé olówó o! Ilé tí wọn yóò ti máa fi kórobá pọn omi ni.

Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti wá ilé ní Ìbàdàn rí. Ilé kẹrin tí mo dé, bàbá onílé wo ìyàwó mi láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ọmọ mélòó lẹ bí?” Mo ní mẹ́ta. Ó ní òun kò fẹ́ ẹni tí ọmọ rẹ̀ yóò tètè kún ṣáláńgá òun. Àpọ́n kan ló gbé yàrá náà fún. Inú bí mi, ṣùgbọ́n inú tó bí mi sí bàbá yẹn kò tó èyí tó bí mi sí àwọn tó fi èmi àti ọmọ mi sílẹ̀ fún un pé kó ṣe wá bó ṣe fẹ́.

Ẹni tí kò rílé nítòsí ibi iṣẹ́, ọ̀nà jíjìn ni yóò lọ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ti ya lọ sí Mówé, Ìbàfò, Ṣángo Ọ̀tà àti Ifọ̀, tó jẹ́ pé Ìpínlẹ̀ Ògùn ni gbogbo wọn wà. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ ń gbé ẹ̀yìn Mòníyà tàbí Omi-Adió. Wọ́n á jí kí àkùkọ tó kọ, wọ́n á wọlé nígbà tí ọmọ ti sùn. Ọmọ mìíràn kì í rí bàbá rẹ̀ àfi ọjọ́ Àìkú. Owó tí wọ́n ní àwọn rí ṣẹ́kù lórí ilé, dẹ́rẹ́bà ti gbà á. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán, epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà fò kọjá 500 láàrin ọjọ́ mélòó kan, ó sì ti kọjá 1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Ta ló gba ẹ̀kúnwó tó tó bẹ́ẹ̀?

Wọ́n á ní ìjọba kò rílẹ̀ kọ́lé sí. Àwáwí lásán! Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978, tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ṣe, fi ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́ pé kó máa bá ará ìlú ṣọ́ ọ. Bí wọ́n bá fẹ́ gba oko bàbá yín, òfin yìí ni wọ́n máa ń nà sókè bí pàṣán. Kí ló dé tí apá wọn ń ro nígbà tí ọmọ yín ń wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí?

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí, ti ọdún 1999, ní ẹsẹ̀ 16, sọ pé kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ilé tó yẹ ọmọ ènìyàn. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹsẹ̀ 6 nínú ìwé kan náà ni pé kò sí ilé ẹjọ́ tó lè bi ìjọba lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni, wọ́n fi ọwọ́ òsì gbà á padà. Àpótí ìbò nìkan ni ilé ẹjọ́ tó ṣẹ́kù fún wa.

Òṣìṣẹ́ sì ń sanwó o. Láti ọdún 1992 ni òfin ti wà pé kí wọ́n máa yọ náírà méjì àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ sínú àpò owó ilé ti orílẹ̀-èdè. Kíkọ́ ilé àti ríra ilé ni wọ́n dá owó náà sílẹ̀ fún. Ẹ bi òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ tirẹ̀ ní àdúgbò yín pé ta ló mọ̀ tó ti fi í dé abẹ́ òrùlé. Ẹ fún un láyè kó rò ó dáadáa.

Ilé kíkọ́ fún ará ìlú kì í ṣe ohun tí ojú wa kò rí rí. Bódìjà tí ẹ ń kó iṣu lọ yẹn, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló kọ́ ẹ̀sítéètì ibẹ̀, nípasẹ̀ iléeṣẹ́ ìkọ́lé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958 nígbà tí Awólọ́wọ̀ ń ṣe olórí ìjọba. Lóòótọ́, àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba àti àwọn ọ̀mọ̀wé ló jẹ ibẹ̀ jù. A ó sọ òtítọ́, ìbáà jẹ́ ti ilé wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo Lateef Jákàńdè ní Èkó. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1979 ló gorí àléfà, àwọn sójà sì gbàjọba ní ìparí ọdún 1983. Kó tó tó ọdún márùn-ún, ilé tó kọ́ fún mẹ̀kúnnù ti lé ní 20,000: ní Ìsọlọ̀, ní Abẹ́sàn, ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, ní Ìbà. Bẹ́ẹ̀ ilé kò sí nínú ètò mẹ́rin tí ẹgbẹ́ UPN kọ sórí páálí; ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko àti iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn ló wà níbẹ̀. Jákàńdè kàn rí i pé ìyà ilé ń jẹ ìlú ni. Àwọn ọlọ́lá fi ilé náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò lẹ́wà. Ẹ lọ wò ó lónìí, ènìyàn ṣì kún inú rẹ̀.

Ní àkókò kan náà, ìjọba àpapọ̀ ti Ṣàgàrí ní òun yóò kọ́ ilé sí gbogbo ìpínlẹ̀. Ilé pọ̀ lórí ìwé. Èyí tó parí kò tó ìdajì. Wọ́n kọ́ òmíràn síbi tí kò lómi tí kò lọ́nà, kìkì kí kọngilá lè gbowó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ gbé inú rẹ̀ kí ènìyàn tó débẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki wá wó Màrókò ní Èkó palẹ̀. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló di aláìnílé. Irú àwọn wo ló ń gbé orí ilẹ̀ yẹn báyìí? Ẹ kò nílò kí n sọ ọ́.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti máa bá ètò Jákàńdè jà: ó ta àwọn ilé náà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó rí i rà nígbà yẹn, òun tàbí ọmọ rẹ̀ ti di lanlọ́ọ̀dù, ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ yín sì ti ń háyà. Nítorí náà, nígbà tí olóṣèlú kan bá wá sọ pé òun yóò “kọ́lé fún mẹ̀kúnnù”, ẹ tètè bi í: títà ni àbí háyà? Mílíọ̀nù mélòó ni? Ẹ̀sítéètì tí wọ́n ń ṣí lónìí, tó ní géètì tó ní máígáàdì, ẹni tó ń gbowó oṣù ò lè rà á títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń wí kò ṣòroó gbọ́. Kí ìjọba kọ́lé, kó má tà á, kó máa fi háyà fún òṣìṣẹ́ tó ní ìdílé, kí wọ́n sì máa san án lóṣooṣù bí owó oṣù ṣe ń wọlé. Kí wọ́n kọ́ ọ síbi tí ọkọ̀ ń dé. Rélùwéè tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, kìlómítà 157, Mòníyà ló parí sí láti Èkó. Ó gba Omi-Adió. Ní Èkó fúnra rẹ̀, rélùwéè mìíràn ti ń kó èrò láti Agbádo dé Òyìngbò láti oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ilẹ̀ tó yí irú ibùdókọ̀ bẹ́ẹ̀ ká ni kí wọ́n fi kọ́lé háyà, kí àwọn tó ń fi ilẹ̀ ṣòwò tó gbé e mì tán. Ọkọ̀ ojú irin ọ̀hún náà ní láti pọ̀ sí i. Èyí tó ń rìn ní ìgbà mélòó kan lóòjọ́ kò lè gbé òṣìṣẹ́. Ọ̀nà Mòníyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, wọ́n tún un ṣe, a rí i, a kò ní fi ìbínú pe funfun ní dúdú. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní apá Ìjàyè fún ọmọ Òkè-Ògùn tó ń lọ ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn?

Wọ́n á ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láyé. Ìlú Vienna, olú ìlú Austria, wà nínú òṣì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní 1923 wọ́n bu owó orí lé ilé gbígbé. Ẹni tó ń gbé ilé ńlá san gọbọi, ẹni tó ń gbé yàrá kan san tọ́rọ́. Wọ́n fi kọ́ ilé tó lé ní 60,000 kí 1934 tó dé. Wọn kò tà á. Ìlú ni lanlọ́ọ̀dù, títí di òní olónìí.

Ti àwọn lanlọ́ọ̀dù wa ń kọ́? A kò bá wọn ṣọ̀tá. Símẹ́ǹtì wọ́n, páànù wọ́n, ẹlòmíràn nínú wọn jẹ́ ọmọ Òkè-Ògùn tó fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́lé. Ṣùgbọ́n òfin gbọ́dọ̀ wà láàrin wa, kó sì múlẹ̀. Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011: lanlọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun; ẹni tó bá rú u, 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Wọ́n ṣe é tán, wọ́n gbé e sórí pẹpẹ. Ta lẹ gbọ́ pé ó lọ sẹ́wọ̀n? Bẹ́ẹ̀ ayálégbé kò lè fẹjọ́ sùn, nítorí ibi tí yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà ńkọ́?

Àwọn kan á ní kí àwọn ọmọ yín padà wá dáko. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni ọmọ tiwọn wà. Àgbẹ̀ ló bí wa, a kò fi oko ṣe ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò lè gún abẹ́rẹ́ UCH láti Òfìkì, bíríkìlà kò sì lè mọlé Ìbàdàn kó máa sùn ní Tedé.

Nígbà tí wọ́n bá dé gbàgede yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu ìlù wọn tán. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan dìde, obìnrin ni kó jẹ́ bó bá ṣeé ṣe, kó bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: ilé háyà mélòó lẹ ó kọ́, níbo lẹ ó kọ́ ọ sí, èló lóṣù? Kí tíṣà kan jókòó tì í pẹ̀lú bírò, kó kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọjà.